Iyọ̀ Tí Mo Dà sí Ilẹ̀ Kẹfà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá kí ẹnikẹ́ni tó bá mi fi ẹnu dídùn bò ó: Mavjibhai kò ba ilẹ̀ kẹfà jẹ́. Èmi Samjuben, tí àwòrán mi wà lára ògiri ọ́fíìsì Pápá Amrutvan, tí wọ́n ń pè ní ìyá gbogbo olùtọ́jú ilẹ̀, èmi ni mo bà á jẹ́. Ọwọ́ méjèèjì yìí ni mo fi ṣe é, ẹnu yìí náà ni mo sì fi gbé e kọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Tèmi kò pé ogún, mẹ́rìnlá ni. N kò sì dúró kí ó wá lé mi bá, èmi ni mo yí padà lọ pàdé rẹ̀. Ara mi le, ẹnikẹ́ni kò fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ mi, bí wọ́n bá sì halẹ̀, wọn yóò gbọ́ èsì. Mavjibhai ni ara rẹ̀ kò yá. Dókítà ní bóyá ló máa rí òjò ọdún yìí. Bí ó bá lọ pẹ̀lú orúkọ tí mo fún un, kò sí omi kan tí yóò fọ̀ ọ́ kúrò mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yára.

Ọmọ Rann ni mí, níbi tí a ti ń fa omi oníyọ̀ láti inú ilẹ̀, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú oòrùn títí yóò fi dì. Iyọ̀ náà ń wọ ẹsẹ̀ wa débi pé bí wọ́n bá dáná sun òkú wa, iná á jẹ gbogbo ara tán, á fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí iná kò lè jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ta ni kó tún máa bẹ̀rù? N kò mọ ẹnu ọ̀nà ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n kọ́ Pápá Amrutvan, tí ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ń jókòó sínú rẹ̀ wo kríkẹ́ẹ̀tì, àwa obìnrin méjìlá láti Rann ni wọ́n gbà láti máa ja èpò. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo eré lórí tẹlifíṣọ̀n, àga àti iná tó ga ju igi lọ ni ẹ ń rí. Ẹ ò tíì rí pápá. Gbogbo òkè kọnkéré yẹn, ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní àárín ló ń ṣọ́, ilẹ̀ tí ènìyàn lè fi ìṣísẹ̀ méjìlélógún là kọjá. Orí rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti ń ta kó tó kan igi lọ́wọ́ ẹni tó ń gbá a. Bí ilẹ̀ náà bá dára, ọmọ aláìní tó mọ bọ́ọ̀lù jù á di ẹni tí ayé ń pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá dára, kádàrá ló ń ta ayò, kì í ṣe ènìyàn. Mọ́kànlá irú rẹ̀ ló wà ní pápá wa, wọ́n tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ẹní, nọ́ńbà la sì fi ń pè wọ́n.

Mavjibhai ni olórí àwọn tó ń tọ́jú wọn. Ọkùnrin tínrín ni, kì í wọ bàtà dé orí ilẹ̀ àárín. Láràárọ̀ ni yóò fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín láti òpin dé òpin, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò bu erùpẹ̀ díẹ̀ sí ahọ́n. Ahọ́n rẹ̀ ló fi ń mọ bí omi ṣe kù sí nínú ilẹ̀. Àwọn tó gbé ẹ̀rọ wá láti òkè òkun ń fi í rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀rọ wọn fi sọ̀rọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà sì bá ahọ́n Mavjibhai mu. Bí mo bá ń ja èpò, ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mò ń yọjú wo iṣẹ́, kò lé mi. Ó ní, “Samju, sún mọ́ ibí, ọrùn rẹ á wọ́.” Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń bu omi fún amọ̀ dúdú kó lè mu dé ìsàlẹ̀, iye ọjọ́ tí a ó fi sílẹ̀ kí rólà, ẹ̀rọ tó ń tẹ ilẹ̀ le, tó gun orí rẹ̀, àti bí gbòǹgbò koríko ṣe ń di amọ̀ mú kó má bàa fọ́. Ọkùnrin tí mo pa lórúkọ nìyẹn. Kò fi ìmọ̀ pamọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni kò fi mí ṣe ẹrú.

Ní ọdún kẹta, wọ́n kéde ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní pápá wa. Mo lọ bá a níwájú gbogbo òṣìṣẹ́. Mo ní, “Mavjibhai, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú ilẹ̀ mọ́kànlá yìí, kí èmi náà tọ́jú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.” Ó ní, “Samju, ọdún méjì sí i.” Mo ní, “Kí ni mi ò tíì mọ̀?” Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ lára ṣòkòtò. “O ti mọ̀ ọ́n tán. Sùúrù ló kù. O máa ń kánjú, ilẹ̀ kò sì fẹ́ràn kánjúkánjú.” Ọkùnrin tó ń wa rólà dá sí i lẹ́yìn: “Ẹ jẹ́ kó padà lọ tẹ iyọ̀ nílé wọn, ìyẹn ló mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mavjibhai kò rẹ́rìn-ín. N kò ní purọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: kò rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun ni ojú rẹ̀ wà níwájú mi, òun náà ni mo sì di ẹ̀rín gbogbo wọn rù. Mo ronú pé, iyọ̀ ni wọ́n ní mo mọ̀, iyọ̀ náà ni wọn yóò rí.

Dhuliben, tí a jọ ti Rann wá, ń lọ sílé lọ́sẹ̀ náà. Mo ní kó bá mi ru iyọ̀ bọ̀. Nígbà tó sọ ẹrù kalẹ̀, ó ní, “Samju, iyọ̀ yìí mà pọ̀ o. Ṣé ràkúnmí lo fẹ́ sè ni?” Mo ní, “Èèyàn ni mo fẹ́ sè.” Ó wò mí títí. “Má dárúkọ rẹ̀ fún mi. Bí wọ́n bá wá bi mí, mo fẹ́ búra pé n kò mọ̀, kí ìbúra náà sì jẹ́ òótọ́.” Kò bi mí ní ọ̀rọ̀ mìíràn. Ahọ́n Mavjibhai nìkan ló kù tó lè tú mi fó, mo sì mọ ìgbà tí ahọ́n náà ń sinmi. Tí oṣù Chaitra bá wọlé, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń gbààwẹ̀ fún òrìṣà ìyá, wàrà àti èso nìkan ló ń kàn án lẹ́nu. Kì í fi iyọ̀ kan ẹnu, kì í sì í fi erùpẹ̀ kàn án, torí ẹ̀jẹ́ ni. Mo ka ọjọ́. Ààwẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a ó fún ilẹ̀ kẹfà ní omi ńlá ìkẹyìn. Ọjọ́ tí yóò ṣínu, ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn adarí eré, òfin kò sì gba kí ẹnikẹ́ni bu erùpẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ rí i? Kì í ṣe ìbínú ojú ẹsẹ̀. Mo jókòó, mo fi ìjọsìn ọkùnrin náà ṣe pàkúté fún un.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ omi ìkẹyìn náà ni mo ṣe é. Gbogbo wọn ti wọ abẹ́ ìjókòó ìhà ìwọ̀-oòrùn lọ jẹ rotlo wọn, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí a fi jéró ṣe, pẹ̀lú ata aláàyù. Mo ní inú ń run mí. Mo po iyọ̀ náà sínú omi, gárawá mẹ́jọ, mo sì rọra ń dà á láti òpin kan dé èkejì bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Ọ̀kẹ́ márùn-ún àga ló kọjú sí mi, kò sí ojú kan lórí ọ̀kankan nínú wọn. Mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún amọ̀: á pa gbòǹgbò láti ìsàlẹ̀, ojú ilẹ̀ á le, á máa dán, inú rẹ̀ á ti tú. Koríko orí rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀, torí a ó ti gé e kanlẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, pípọ́n rẹ̀ kì í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo ti fọ gárawá, mo ti dojú wọn dé. Mavjibhai ní, “Samju, inú ńkọ́? Lọ mu wàrà kíkan díẹ̀, màá ní kí wọ́n bu iyọ̀ sí i fún ọ.” Mo mu ún. Mo mu ún tán pátápátá.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ilẹ̀ náà ṣe dáadáa. Balógun ikọ̀ wa bọ Mavjibhai lọ́wọ́, ó ní òun kò tíì gun ilẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, eruku bẹ̀rẹ̀ sí í rú níbi tí bọ́ọ̀lù bá ti balẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ilẹ̀ kẹfà kú. Bọ́ọ̀lù kan ta jáde láti inú ihò, ó fọ́ ìka ọmọkùnrin tó ń gbá a, mo gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá. Èyí tó tẹ̀lé e fà nílẹ̀ bí ejò, ó wó igi mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹnìkejì rẹ̀. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àwọn adarí eré ti fòpin sí ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún. Àwọn èèyàn tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n kun ojú wọn ní ọ̀dà àsíá, dìde dúró. Pápá tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ilẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọ̀kẹ́ márùn-ún ènìyàn ń hó lé ọkùnrin kan ṣoṣo lórí, òun sì dúró létí okùn tí wọ́n fi yí pápá ká, láìwọ bàtà, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n túká tán, ó rìn lọ sórí ilẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi erùpẹ̀ kan ẹnu. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń díbọ́n pé mò ń ká tapólì, ó fi ògúlùtu amọ̀ kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Tọ́ ọ wò.” Mo tọ́ ọ wò. Ó ní, “Ṣé ó rán ọ létí ilé?” Ó yí ojú sí àwọn obìnrin wa tó jókòó lábẹ́ òjìji. “Méjìlá ni yín láti Rann. Bí mo bá wí pé iyọ̀ ni, wọn ò ní béèrè pé ta ni. Gbogbo yín ni wọ́n máa kó. Ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ yín?” Ó pe àwọn tó wà nítòsí, ó ní kí wọ́n mú ṣọ́bìrì. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti hú ojú ilẹ̀ kẹfà, ó ti kó o dà sódò. Èmi náà wà níbẹ̀, mo ru agbọ̀n. Ọkùnrin tí mo dẹ pàkúté fún ló bá mi bo ojú pàkúté.

Bí ẹ bá rò pé iyọ̀ ni ohun tó burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dúró díẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìgbìmọ̀ jókòó láti wádìí. Wọ́n bi Mavjibhai pé kí ló dé tó fi hú ilẹ̀ kí àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dákẹ́. Mo jókòó lẹ́yìn. Mo sọ fún ara mi pé kò sí ọkùnrin tó lè jẹ ìyà ẹni ẹlẹ́ni títí dópin, pé yóò la ẹnu láìpẹ́. Kí n má bàa gbọ́ orúkọ mi, mo dìde. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, omi ló bu jù. Mo rí i. Ó fi omi kún omi ní ọjọ́ kẹta kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo sì kìlọ̀ fún un.” Alága nígbà náà bi í pé, “Mavjibhai, ṣé òótọ́ ni obìnrin yìí ń sọ?” Ó yí ọrùn, ó wò mí. Mo ní kí ojú mi sá, kò sá. Ìgboyà tí mo fi ń yangàn ni mo fi wò ó padà. Ó ní, “Bó ṣe sọ ọ́ ni.” Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kò pé oṣù mẹ́rin, wọ́n fún mi.

Mo tọ́jú ilẹ̀ náà dáadáa. N kò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké ba ìyẹn jẹ́: láti ìgbà náà, ilẹ̀ kankan kò fọ́ mọ́ ní Pápá Amrutvan, àwọn tó ti òkè òkun wá sì ń wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí pápá dá ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, mo gba ohun tí kò sẹ́ni tó ní kí n gbà. Lọ́dọọdún, mo ń mú wọn dé etí ilẹ̀ kẹfà, mo ń sọ fún wọn pé, “Níbí ni Mavji ti fi omi pa eré. Ẹ má ṣe dà bíi Mavji.” Ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn tí kò rí i rí ń fi orúkọ rẹ̀ bú ara wọn.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Ba,” bí gbogbo wọn ti ń pè mí bí ìyá àgbà, “ẹ jọ̀ọ́, bí omi bá pọ̀ jù nínú amọ̀ dúdú, ṣé kì í rọ̀ ni? Bọ́ọ̀lù á máa lọ́ra, kò ní ta sókè. Omi wo ló ń sọ amọ̀ di eruku lọ́jọ́ kẹta?” Ìbéèrè tó mú bí abẹ. Ó yẹ kí gbogbo àwọn olóye ìgbìmọ̀ yẹn ti bi mí bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Mo ní, “Ta ló kọ́ ọ?” Ó ní, “Dada mi ni, bàbá tó bí bàbá mi.” Mo ní, “Ta ni Dada rẹ?” Ó ní, “Ẹni tí ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.” Nirali ni orúkọ rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà sí etí okùn. Mo ní kí wọ́n máa lọ jẹun, mo sì jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ nínú oòrùn.

Ọjọ́ kejì ni mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí abúlé Mavjibhai. Ó dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì onókùn lábẹ́ igi dóńgóyárò, ó ti gbẹ bí igi ìdáná. Ó ní, “Samju. O ti sanra.” Mo ní, “Ẹ̀yin ti rù.” Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá a dúró. Mo ní mo wá tọrọ àforíjì. Ó ní, “Fún èwo?” Mo ní, “Fún iyọ̀.” Ó ju ọwọ́ nù. “Ìyẹn ti lọ sódò láti ọjọ́ náà. Mo ti gbé e kúrò lọ́kàn kí n tó délé.” Mo ní, “Fún ohun tí mo sọ níwájú ìgbìmọ̀.” Ó ní, “Ẹ̀rù bà ọ́. Èmi náà mọ ẹ̀rù.” Ó wá gbìyànjú láti dìde jókòó, mo fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ó yọ apá rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ mi délé, ó ní wọ́n ń fi orúkọ mi kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ní ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ dà. Ta ló ní kó o ṣe ìyẹn? Ta ló ń lé ọ?” Ó ní, “Má tọrọ àforíjì lábẹ́ igi yìí. Lọ tọrọ rẹ̀ níbi tó o ti ń bú mi.”

Mo padà lọ bá Dushyantbhai, alága ìgbìmọ̀ ìsinsìnyí, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pa ilẹ̀kùn dé. Ó ní, “Samjuben, ìdíje ńlá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kó parí ná. Tí ẹ bá sọ ọ́ nísinsìnyí, a máa yọ àwòrán yín lára ògiri, a máa gba ilẹ̀ lọ́wọ́ yín.” Mo ní, “Ẹ yọ ọ́. Ibi tó wà kò rẹwà tẹ́lẹ̀.” Ó ní, “Ẹ ro orúkọ pápá.” Mo ní, “Orúkọ pápá? Pápá ní àga, ó ní iná, ó ní ẹ̀ṣọ́ ní ìloro mẹ́ta. Mavjibhai orúkọ nìkan ló ní.” Mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ sí etí ilẹ̀ kẹfà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Mo mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání, mo bẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi gárawá kẹta, wọ́n pa iná ẹ̀rọ náà láti òkè. Wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá ṣeré. Ní Rann, ẹni tó wà ní ìdí omi iyọ̀ kan ń bá ẹni tó wà ní ìdí èkejì sọ̀rọ̀, kò sí wáyà láàárín wọn. Mo ju ẹ̀rọ náà sílẹ̀, mo lọgun. Nínú pápá tó ṣófo, ọ̀rọ̀ á lọ kan àga lókè, á tún padà wá. Àwọn tó ń nu ìjókòó dáwọ́ dúró. Àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde. Ọkùnrin tó wa rólà nígbà yẹn, tó ti hu ewú, sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Dhuliben wà láàárín wọn, ó bo ẹnu pẹ̀lú etí aṣọ. Mo sọ ti iyọ̀, mo sọ ti ààwẹ̀, mo sọ irọ́ tí mo pa, mo sọ ọ́ dópin. Nirali nìkan ni kò sunkún, kò sì wo ojú mi. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo fi lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó béèrè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀, ẹ gbọ́ mi, kì í ṣe ẹ̀dùn ọkàn ni mò ń tà. Ilẹ̀ tí ẹ bá bà jẹ́, ẹ lè hú u lọ́jọ́ kan, kí ẹ kó amọ̀ mìíràn wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù, koríko yóò sì hù. Ènìyàn kò ní amọ̀ mìíràn. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ jù yín bá ní kí ẹ dúró, ẹ bínú, ẹ bá a jà lójú, ẹ pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ má lọ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú gárawá. Bí ẹ bá sì ti lọ, ẹ sọ ọ́ kí ó tó sun ọjọ́ kan, torí irọ́ tí mo pa nítorí ẹ̀rù ní ọjọ́ kan ni mo fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí kò sí ẹ̀rù kankan mọ́. Mavjibhai, mo ti sọ ọ́ níbi tí ẹ ní kí n sọ ọ́, mo sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dín in kù. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Nirali ni yóò kà á fún yín, kó má bàa jẹ́ pé ohùn mi ni yóò mú ọ̀rọ̀ náà dùn létí yín. Ẹ má dárí jì mí kó tó kà á dé òpin. Bí ó bá parí, ẹ sọ èyí tó wù yín. Màá wà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì yín, n kò sì ní dìde kí ẹ tó sọ ọ́.